Ta Ló Ń Pinnu Ohun Tí Dìgírì Yín Tó Lókè Òkun?

Ẹni tó bá fẹ́ fi dìgírì tó gbà ní orílẹ̀-èdè kan wá iṣẹ́ ní òmíràn, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ ìwé-ẹ̀rí yín wò." Létí, ó dà bí ohun tí èèyàn á ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí á sì parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò, ohun tí ọ̀kan ń wá nínú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń wá. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè sanwó, kó gba ìwé tó sọ pé dìgírì òun kò kéré sí ti ìlú tuntun náà, kí inú rẹ̀ dùn, kó wá dé ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà á, kí wọ́n ní kó lọ jókòó ṣe ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Ìwé tó gbà dáhùn ìbéèrè kan. Ìbéèrè mìíràn ni ilé ìwòsàn ń béèrè.

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀ràn yìí, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra ni owó àti ọdún rẹ̀ sábà máa ń ṣòfò. Wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé náà, bóyá ilé ẹ̀kọ́ tó fún un yín wà, tí ìjọba ìlú rẹ̀ sì fún un láṣẹ láti fún èèyàn ní dìgírì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ mọ ipele tó bọ́ sí nínú ètò ẹ̀kọ́ tiwọn. Èyí tó kẹ́yìn ló le jù: ṣé ẹni tó ni ìwé yìí lè ṣe iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa láìfi ẹ̀mí tàbí dúkìá ẹnikẹ́ni wewu? Ọ́fíìsì tó ń dáhùn ìbéèrè kejì kì í ní àṣẹ kankan lórí ìkẹta. Bí ẹ bá mú ìyẹn sọ́kàn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú yóò là.

Ṣé òótọ́ ni ìwé yìí?

Àwọn tó ń yẹ ìwé wò kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bọ̀rọ̀, wọ́n sì nídìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí iléeṣẹ́ Axact, tó fi ìlú Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan ṣe ibùjókòó. Ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 300 ni wọ́n so mọ́ iléeṣẹ́ náà, púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ fáfitì tí kò sí níbì kankan, tó ń ta dìgírì fún ẹni tó bá ti lè sanwó. Àwọn kan mọ ohun tí wọ́n ń rà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n rò pé ìwé gidi làwọn ń kà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kó jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé wá, bó ti wù kó dán tó, kò tó ẹ̀rí lójú wọn mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ yín fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń bi ilé ẹ̀kọ́ ni transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe, ọdún tí ẹ ṣe é àti máàkì tí ẹ gbà. Ọ̀pọ̀ fáfitì ti ń fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, láti kọ̀ǹpútà tiwọn sí ti àwọn tó béèrè. Níbi tí wọn ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, inú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa ló máa ń wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tàbí ìbọwọ́lùwé tí wọ́n gbé kọjá lórí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, kó lè hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i. Bí ẹ bá ya àpòòwé yẹn kí ẹ lè fi ojú ara yín rí bóyá orúkọ yín pé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ gba òmíràn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá bíi Qatar àti ní Dubai, àjọ tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láṣẹ ń lo iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní DataFlow, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó kọ̀wé sí fáfitì yín, sí àjọ tó fún yín ní láísẹ́ǹsì, àti sí ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kó sì dúró de èsì.

Ìdúró de èsì yẹn ló ń jẹ oṣù mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ará òkè òkun ló falẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ti kọ lẹ́tà, tí lẹ́tà náà sì wà lórí tábìlì kan ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jáde. Ilé ẹ̀kọ́ lè ti pa pọ̀ mọ́ òmíràn. Ó lè ti kógbá sílé. Ìwé àtijọ́ lè ti jóná. Ẹni tó mọ ibi tí fáìlì wà lè ti fẹ̀yìn tì. Ó ń dùn mí gan-an pé ẹni tó kàwé ló ń jìyà àìbìkítà ẹni tó yẹ kó tọ́jú àkọsílẹ̀, kò sì sí òfin àgbáyé kankan tó lè fipá mú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ dáhùn lẹ́tà. Fún ìdí èyí, ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde, kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni lókè òkun: ṣé wọ́n ṣì wà, ta ló ń fi transcript ránṣẹ́, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà fi ránṣẹ́, ṣé wọ́n ń fèsì lẹ́tà àyẹ̀wò?

Ohun kejì tí kò tó nǹkan lójú ṣùgbọ́n tó máa ń dá iṣẹ́ dúró ni orúkọ. Obìnrin tó yí orúkọ padà nígbà tó ṣègbéyàwó, ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní orúkọ mẹ́ta tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì ní méjì, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sáájú níbì kan tí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn níbòmíràn. Lójú kọ̀ǹpútà àti lójú akọ̀wé tí kò mọ̀ yín rí, èèyàn méjì nìyẹn. Ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra tí wọ́n ṣe nílé ẹjọ́ ló ń yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà nínú fáìlì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ̀wé pé "orúkọ kò bára mu".

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún ń béèrè apostille, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba máa ń fi kún ìwé kí wọ́n lè gbà á ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 1961 ni wọ́n ti ṣe àdéhùn rẹ̀ ní ìlú Hague, orílẹ̀-èdè tó sì lé ní 120 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n: àpótí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, tí àkọlé rẹ̀ wà ní èdè Faransé, tí wọ́n sì to nǹkan mẹ́wàá sínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó dáa kéèyàn mọ ohun tí kò ṣe. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé ìbọwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ tó wà lórí ìwé náà jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́. Kò sọ pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà jẹ́ òótọ́, kò sì sọ ohun tí dìgírì náà tó. Ẹni tó bá ní "mo ti gba apostille, wọ́n ti gba dìgírì mi" ti fo ìbéèrè méjì.

Ipele wo ló bọ́ sí?

Dìgírì àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún mẹ́ta ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù àti ní India fún àwọn kọ́ọ̀sì kan. Ọdún mẹ́rin ni ní Amẹ́ríkà. Ní Jámánì, máàkì 1 ló dára jù, ẹni tó bá gba 5 sì ti fìdí rẹmi. Ní Faransé, wọ́n ń gba máàkì lórí 20, ẹni tó bá rí 16 gbà ti ṣe bẹbẹ. Ẹ wò ó bí ẹnì kan bá mú 16 nínú 20 yẹn, tó kàn ṣírò rẹ̀ sí ìdá ọgọ́rùn-ún, tó sì kọ 80 sílẹ̀ fún ìlú tí 80 kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè téńté ti di akẹ́kọ̀ọ́ àárín. Ìdí nìyí tí àwọn ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé wò fi máa ń kìlọ̀ fún atúmọ̀ èdè pé kí ó má fọwọ́ kan máàkì: kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀, kí ó fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó má sì ṣe sọ orúkọ dìgírì náà di orúkọ dìgírì ìlú tuntun. Atúmọ̀ èdè tó fẹ́ ran oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ nípa kíkọ orúkọ tó tóbi jù fún dìgírì rẹ̀ ń kó o sí wàhálà ni, torí wọ́n á fi ìwé méjèèjì síra, wọ́n á sì fura sí gbogbo fáìlì náà.

Òfin kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá ìdánimọ̀ fún dìgírì rẹ̀ ní Yúróòpù mọ̀. Ní ọdún 1997, Council of Europe (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan tó yàtọ̀ sí EU) àti UNESCO ṣe àdéhùn kan ní ìlú Lisbon, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999. Ohun tí àdéhùn náà yí padà ni ibi tí ẹrù wà. Kí ó tó dé, ẹni tó kàwé ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé dìgírì òun bá tiwọn mu ní gbogbo ọ̀nà. Àdéhùn Lisbon ní rárá: kí wọ́n gba dìgírì náà àfi bí wọ́n bá lè fi ìyàtọ̀ gbòógì kan hàn láàárín rẹ̀ àti tiwọn, àwọn tó fẹ́ kọ̀ ọ́ ló sì gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ náà hàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é lẹ́jọ́. Kánádà àti Australia tó jìnnà sí Yúróòpù wà nínú àdéhùn yìí. Amẹ́ríkà buwọ́ lù ú, àmọ́ kò fi ṣe òfin. Ní 2019, UNESCO ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn tí ogún orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ Áfíríkà ní tirẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣe ní Addis Ababa ní 2014.

Ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ náà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ibùdó kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ENIC-NARIC. Jámánì ti ṣe ti ẹ̀ síta fún gbogbo ayé: ibi tí wọ́n ń kó o sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni anabin, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó tẹ orúkọ fáfitì yín síbẹ̀, ẹ ó sì rí àmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. H+ túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ náà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. H- túmọ̀ sí pé wọn ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. H+/- ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n wo ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ má dúró sórí orúkọ fáfitì nìkan, torí wọ́n tún ń wo dìgírì fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí anabin kò bá ní tiyín, ZAB, ọ́fíìsì tó ń fi dìgírì ilẹ̀ òkèèrè wé ti Jámánì, lè kọ ìwé àfiwé kan fún yín, ẹ ó sì sanwó fún un.

Amẹ́ríkà kò ní ọ́fíìsì ìjọba kankan fún iṣẹ́ yìí. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni bíi WES, tó ti wà láti 1974, ló ń ṣe é, ẹgbẹ́ NACES sì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Nítorí náà, kí èèyàn tó sanwó, ó gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lo ìwé náà, yálà fáfitì, agbanisíṣẹ́ tàbí àjọ ìpínlẹ̀, pé èwo nínú wọn ló ń gbà. Ìròyìn tí iléeṣẹ́ kan kọ lè má wúlò fún ẹlòmíràn rárá. Ní ti H-1B, ìyẹn físà iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀, òfin wọn gba pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tó ṣe gírígírí lè rọ́pò ọdún kan tí kò sí nínú dìgírì, èyí sì ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́ta. Ní Kánádà, ẹni tó ń wọlé nípasẹ̀ ètò àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba yàn, ọdún márùn-ún péré sì ni ìwé náà ń lò. Àwọn tó tètè gbà á, tí wọ́n wá jókòó tì í, máa ń bá a pé ó ti kú kí wọ́n tó lò ó.

Níbi tí iṣẹ́ kò bá ti ní òfin tó dè é, bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìtajà, ìṣirò dátà tàbí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ parí sí. Agbanisíṣẹ́ ló ni ìpinnu tirẹ̀. Bí ó bá ti rí i pé ẹ mọ iṣẹ́, ó lè má tilẹ̀ béèrè ìwé àyẹ̀wò. Àwọn tó ń fún ni ní físà ló kàn ń béèrè rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó wà nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀, torí mo ti rí àwọn tó ń sá fún ìgbésẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ìdánwò tí kò kan iṣẹ́ wọn.

Ṣé wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ náà?

Dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, apòògùn, lọ́yà, olùkọ́, ẹnjiníà ní ibi púpọ̀: iṣẹ́ tí òfin dè nìwọ̀nyí. Àjọ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà nìkan ló lè sọ pé "ẹ lè bẹ̀rẹ̀", kò sì sí ìwé àfiwé tó lè gba àṣẹ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n ń wò níbí kì í ṣe orúkọ dìgírì. Wákàtí ni wọ́n ń kà. Nínú òfin Àjọ Yúróòpù (EU) tí wọ́n ṣe ní 2005, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta àti wákàtí 4,600 lẹ́nu ẹ̀kọ́, kí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán sì jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Dókítà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún márùn-ún àti wákàtí 5,500. Òfin yẹn kan náà ló jẹ́ kí dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, oníṣègùn eyín, apòògùn, oníṣègùn ẹranko àti ayàwòrán ilé tó kàwé nínú Àjọ Yúróòpù lè ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láìsí àyẹ̀wò ìwé gígùn. Ẹni tó kàwé níta kò sí nínú àǹfààní yẹn. Fáìlì tirẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì gbé e síwájú kọ́ọ̀sì tiwọn, wákàtí sí wákàtí.

Nítorí náà, sílábọ́ọ̀sì ṣe pàtàkì ju ohun tí èèyàn rò lọ. Transcript tó kàn kọ "Ìtọ́jú Aláìsàn II" kò sọ nǹkan kan fún akọ̀wé tó wà ní Munich. Ṣé ìtọ́jú ọmọdé wà nínú rẹ̀? Ìtọ́jú àgbàlagbà ńkọ́? Ìlera ọpọlọ ńkọ́? Wákàtí mélòó lẹ lò ní wọ́ọ̀dù, wákàtí mélòó ní kíláàsì? Bí ìwé ò bá sọ ọ́, wọn ò ní bá yín gbà á rò. Òdo ni wọ́n á kọ síbẹ̀. Mo máa ń rọ ẹnikẹ́ni tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ pé kí ó tọ́jú ìwé ètò kọ́ọ̀sì ọdún tó wọlé, kí ó sì tọ́jú ìwé tí wọ́n fi ń kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò ní sí ẹni tó máa lè tún un kọ.

Jámánì ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n ti ní òfin tó fún ẹnikẹ́ni, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kódà kó tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá rí i pé nǹkan kù, wọn kì í kàn kọ "rárá". Wọ́n á kọ ìwé tó to ohun tó kù sílẹ̀: kọ́ọ̀sì yìí, wákàtí báyìí. Nọ́ọ̀sì tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè yàn bóyá òun á lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó máa dí àlàfo náà ni àbí òun á ṣe ìdánwò. Dókítà ní tirẹ̀ á ṣe ìdánwò ìmọ̀ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá bá tiwọn mu, á sì tún ṣe ìdánwò èdè ìṣègùn, níbi tó ti máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kọ ìwé nípa rẹ̀, kó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún dókítà mìíràn. Wọ́n lè fún un ní àṣẹ onígbà díẹ̀, tí kì í sábà ju ọdún méjì lọ, kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó.

Amẹ́ríkà ló le jù fún dókítà. Àjọ ECFMG, tó ń yẹ ìwé àwọn dókítà tó kàwé lókè òkun wò láti 1956, á rí i dájú pé fáfitì òótọ́ ló fún un ní dìgírì. Dókítà náà á ṣe apá kìíní àti ìkejì USMLE, ìyẹn ìdánwò láísẹ́ǹsì àwọn dókítà níbẹ̀, á sì ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kò tíì lè tọ́jú aláìsàn kankan fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tún wọ residency, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún mẹ́ta ó kéré tán nílé ìwòsàn, kódà bó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ogún ọdún níbi tó ti wá. Ààyè ibẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń dù ú pọ̀. Láti ibí ni dókítà ti ń di ẹni tó ń wa takisí, tí nọ́ọ̀sì àgbà sì ń di ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ní owó tó kéré jù lọ, ní ìlú tí àwọn aláìsàn ti ń dúró fún oṣù kí wọ́n tó rí dókítà. Mi ò rí bí ìyẹn ṣe ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ó ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Tennessee ṣe òfin tó la ọ̀nà fún dókítà tó ti gba àṣẹ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ láísẹ́ǹsì onígbà díẹ̀ láìtún residency ṣe. Florida àti Virginia tẹ̀ lé e ní 2024. Ìdánwò ṣì wà níbẹ̀, àbójútó náà ṣì wà ní àwọn ibì kan. Ohun tí wọ́n mú kúrò ni pípa ọdún tí èèyàn ti lò rẹ́.

Ní Kánádà, ìdènà tó gbòde fún ọ̀pọ̀ ọdún ni "ìrírí iṣẹ́ ní Kánádà". Wọn ò ní fún ẹ níṣẹ́ láìsí ìrírí, o kò sì lè ní ìrírí láìsí iṣẹ́. Ní 2013, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ìpínlẹ̀ Ontario sọ pé bíbéèrè irú ìrírí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ àfi bí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ bá lè fi ìdí tó múná dóko hàn. Ìpínlẹ̀ náà wá ṣe òfin ní 2021 tó kà á léèwọ̀ fún àwọn àjọ tó ń fún ni ní láísẹ́ǹsì nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àjọ àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò nínú òfin tirẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ọdún mẹ́wàá gbáko láti ìgbà tí wọ́n ti sọ pé kò dáa.

Ẹnjiníà ní ìrọ̀rùn kan tí àwọn yòókù kò ní: àdéhùn Washington Accord ti 1989, níbi tí àwọn àjọ ẹnjiníà orílẹ̀-èdè bíi Amẹ́ríkà, Kánádà, Australia àti Ireland ti gbà láti mọ dìgírì ara wọn. Àmọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń wò, kì í ṣe fáfitì, ó sì ń wo ọdún. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ẹ̀ka yín lẹ́yìn tí ẹ ti jáde, kò kàn yín. Ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀ tó fẹ́ lọ Australia á kọ ìròyìn iṣẹ́ mẹ́ta tó ti ṣe fún Engineers Australia, á sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí "a" ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nìyẹn, torí wọ́n ti mọ́ra láti máa fi iṣẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ní ti lọ́yà, òfin ìlú kan kì í sábà wúlò nílùú mìíràn, ìdánwò ló pọ̀ jù: New York ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ́yà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀ lẹ́yìn LL.M, ìyẹn dìgírì kejì nínú ìmọ̀ òfin, England sì ti ní SQE, ìdánwò àwọn lọ́yà rẹ̀, láti 2021.

Fún ẹni tí ogun lé kúrò nílé, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa àpòòwé àti transcript kò wúlò. Fáfitì lè ti di àlàpà. Nígbà mìíràn, kíkọ̀wé sí i tilẹ̀ lè fi ẹbí tó kù sílé sínú ewu. Àdéhùn Lisbon sọ pé kí orílẹ̀-èdè wá ọ̀nà láti yẹ ẹ̀kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò kódà bí kò bá ní ìwé kankan. Láti 2017, Council of Europe ti ń fún àwọn tó sá àsálà ní ìwé kan tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ wọn. Onímọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á jókòó tì wọ́n, wọ́n á wo ìwé yòówù tó bá kù, wọ́n á bi wọ́n léèrè nípa kọ́ọ̀sì àti olùkọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà ń lò. Kì í fún ni ní láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ẹnì kan kọ́, ó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Jámánì ti gbé ìgbésẹ̀ mìíràn. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́dún méjì tàbí dìgírì tí ìlú rẹ̀ mọ̀, tó sì ti lo ó kéré tán ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ náà, lè lọ ṣiṣẹ́ tí òfin kò dè láìṣe pé wọ́n bá a fi dìgírì rẹ̀ wé tiwọn, bí owó oṣù rẹ̀ bá ti tó iye tí wọ́n là kalẹ̀. Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ tí òfin dè náà lè wọlé báyìí, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì parí àyẹ̀wò ìwé wọn níbẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá ti jọ ṣe àdéhùn.

Bí èsì bá dé tó jẹ́ rárá

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ká lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ sínú àpótí, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kà á. Bóyá ohun tí wọ́n ní ó kù ni ẹ ní, tí ìwé tó sọ ọ́ kàn ni kò sí nínú fáìlì. Bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ òmíràn tó ń jẹ́ irú orúkọ kan náà. Bóyá fọ́ọ̀mù tó yẹ fún iṣẹ́ tí ẹ ń wá kọ́ lẹ kọ́kọ́ kún. Bí lẹ́tà náà kò bá sọ ìdí, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀. Níbi tí àdéhùn Lisbon ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tí ẹ lè gbà pe ìpinnu náà lẹ́jọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn dáadáa, torí àkókò ìpẹ̀jọ́ kì í gùn. Ní Jámánì, oṣù kan péré ni wọ́n sábà máa ń fún ni láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá ti tẹ èèyàn lọ́wọ́.